Ọjọ́ Kìíní Ààwẹ̀ Nínú Ara Birikílà

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 2025, ni ààwẹ̀ Ràmàdáánì ọdún 1446 ti Híjírà bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ jẹ́ ká tọpasẹ̀ oúnjẹ nínú ara birikílà kan n'Íbàdàn lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo fọkàn yàwòrán ọkùnrin yìí, àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara rẹ̀ kì í ṣe àròsọ.

Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí. Àwọn ajísààrì ti lù kọjá. Ẹbà rìgìdì méjì, ẹ̀fọ́ rírò, ẹja. Ó bu kún un, torí ó fẹ́ kó dúró dalẹ́. Kò ní dúró.

Agogo mẹ́fà. Ó ti kí ìrun Àsùbáà. Ṣúgà tó so kọ́ra bí ẹ̀wọ̀n gígùn ló pọ̀ jù nínú gàrí; ìfun ti ń já a sí wẹ́wẹ́, glúkóòsì ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì, họ́mọ́ọ̀nù tó ń darí ṣúgà, jáde, ó ní kí sẹ́ẹ̀lì iṣan àti ti ọ̀rá gba ṣúgà wọlé. Ẹ̀dọ̀ náà gba tirẹ̀, ó tún un so pọ̀ di glàíkójìn, ó fi pamọ́. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà lè kó bíi 100 gíráàmù; gbogbo iṣan ara lápapọ̀ lè kó bíi 400. Ṣùgbọ́n ahun ni iṣan. Ṣúgà tó bá ti wọ inú rẹ̀ kì í padà jáde gẹ́gẹ́ bíi ṣúgà, torí kò ní èròjà tí ẹ̀dọ̀ fi ń tú u sílẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń fi tirẹ̀ bọ́ ará ilé.

Agogo mẹ́jọ. Ṣọ́bìrì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń po sìmẹ́ńtì mọ́ yanrìn. Ibí ni mo fẹ́ ká dúró sí díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ò lè ná ṣúgà bó ṣe wà, bí dírẹ́bà takisí Míkírà ò ṣe ní gba odindi ẹgbẹ̀rún náírà lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ síwájú díẹ̀: ṣẹ́ńjì ló ń bèèrè. ATP ni ṣẹ́ńjì náà. Fọ́sífétì mẹ́ta ló tò tẹ̀léra lára rẹ̀; bí èyí tó kẹ́yìn bá ti já, agbára tó bá a jáde ni iṣan fi ń sún kì. Èyí tó kù di ADP, ó sì padà lọ gba fọ́sífétì mìíràn. Bí ọ́síjìn bá tó, glúkóòsì kan ṣoṣo lè mú nǹkan bí ATP 30 wá.

ATP tó wà nílẹ̀ nínú iṣan ò lè gbé iṣẹ́ líle kọjá ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ara kì í tò ó jọ. Bó ṣe ń ná an ló ń ṣe òmíràn. Bí a bá ro gbogbo èyí tí birikílà yìí ṣe, tó sì ná, láàárọ̀ dalẹ́, ó tó ìwọ̀n ara òun fúnra rẹ̀.

Inú mitokọ́ńdíríà, ilé iṣẹ́ agbára inú sẹ́ẹ̀lì, ni wọ́n ti ń ṣe ATP tó pọ̀ jù. Lọ́dún 1961, Peter Mitchell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé agbára oúnjẹ ń ti prótọ̀nù gba inú awọ kan kọjá, wọ́n á wọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, àti pé ìgbà tí wọ́n bá ń ya padà ni ATP ń di ṣíṣe. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kọ̀ jálẹ̀. Ọdún 1978 ló gba ẹ̀bùn Nobel. Ẹ̀rọ kan ni prótọ̀nù ń gbà padà; ó ń yí ní ti gidi, ó lè ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ATP mẹ́ta sì ni ìyípo kọ̀ọ̀kan.

Agogo mẹ́wàá ààbọ̀. Búlọ́ọ̀kù ń gòkè. Nígbà tó gbé méjì pọ̀ tó fi gun àkàsọ̀, ọ́síjìn ò yá tó bí iṣan ṣe ń ná ATP. Iṣan ò dúró dè é: ó fọ́ ṣúgà bẹ́ẹ̀, ó rí ATP méjì péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, láktéètì ló ṣẹ́kù. Láktéètì kì í ṣe pàǹtí. Ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ sọ ọ́ di ṣúgà padà. Carl àti Gerty Cori, tọkọtaya tó wà lára àwọn tó gba Nobel lọ́dún 1947, ló tọ ipa ọ̀nà yìí. Àwọn tó ń sọ pé láktéètì ló ń mú ara roni lọ́jọ́ kejì iṣẹ́, kí wọ́n wá ẹlòmíràn dá lẹ́bi.

Agogo kan ọ̀sán kọjá. Ẹbà ìdájí ti tán nínú ẹ̀jẹ̀ tipẹ́. Ínsúlínì ti lọ sílẹ̀, glúkágọ́nì, họ́mọ́ọ̀nù tó ń ṣe òdì kejì rẹ̀, ti gorí àga, ẹ̀dọ̀ sì ń tú glàíkójìn rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọpọlọ ló ń gba púpọ̀ níbẹ̀: kò ju bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara lọ, síbẹ̀ ó ń ná nǹkan bí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún agbára ara tó wà ní ìsinmi. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ò tiẹ̀ ní mitokọ́ńdíríà rárá. Ṣúgà nìkan ni wọ́n mọ̀.

Alásárì. Ó jókòó lábẹ́ igi, ó ní agbára òun ti tán. Irọ́ ni, pẹ̀lú àforíjì. Ọ̀rá tó wà lára ẹni tí ò sanra pàápàá lè gbé e fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, torí gíráàmù ọ̀rá kan ní agbára tó ju ìlọ́po méjì ti ṣúgà lọ. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá ti ń tú u sílẹ̀. Nítorí pé ọ̀rá ò lè pò mọ́ ẹ̀jẹ̀, prótéènì tó ń jẹ́ albúmìn ló ń gbé e kiri. Iṣan àti ọkàn ń jẹ ẹ́ dáadáa. Ọpọlọ ò lè gbà á bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ̀dọ̀ fi ń fi glísẹ́rọ́ọ̀lù ara ọ̀rá, láktéètì àti prótéènì ṣe ṣúgà tuntun. Ohun tó ń dà á láàmú gan-an ni òùngbẹ: oòrùn oṣù Kẹta ti fa omi ara rẹ̀, kò sì síbi tí ara ń tọ́jú omi sí bó ṣe ń tọ́jú ọ̀rá.

Agogo méje ku díẹ̀. Omi, dàbínù mẹ́ta. Ṣúgà dàbínù ò ní ẹ̀wọ̀n gígùn láti já, ó tètè dénú ẹ̀jẹ̀. Frútóòsì, ọ̀kan lára ṣúgà inú rẹ̀, ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀dọ̀. Lẹ́yìn náà ni àkàrà àti ògì dé.

Agogo mẹ́wàá alẹ́. Ó ti kí tàráwíhì, ó tún bu ìrẹsì àti dòdò, pẹ̀lú mínírà tútù. Ẹ̀dọ̀ àti iṣan kọ́kọ́ gba tiwọn. Bí wọ́n bá kún, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ṣúgà di ọ̀rá, ọ̀rá inú òróró dòdò á sì lọ síbi ìpamọ́ láìsí ìyọnu. Àwọn kan ń sanra nínú oṣù ààwẹ̀. Àwo kejì yìí ni kí wọ́n bi.