Owó Ìjọba, Ọwọ́ Ẹlòmíràn

Òjò há wa mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Tíṣà ní Ìpájà. Àdùkẹ́, ọmọ ọmọ wọn tó jẹ́ àgùnbánirọ̀, ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ní Amẹ́ríkà ní charter school lọmọ àwọn ń lọ, àwọn ò sì san kọ́bọ̀. Ta ló ni ín gan-an?"

"Ìjọba ń sanwó, ẹgbẹ́ kan tí kì í ṣe ìjọba ń darí ẹ̀. Wọ́n jọ tọwọ́ bọ̀wé fún iye ọdún kan. Báwọn ọmọ ò bá mọ̀wé, ìjọba lè gbàṣẹ padà. Minnesota ló kọ́kọ́ ṣòfin ẹ̀, ní 1991."

"A ò nírú ẹ̀ ńbí."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ta ló sọ fún ẹ? Láti 1887 nìjọba òyìnbó ní Èkó ti ń fi òfin fún ilé-ìwé àwọn ìjọ lówó ìrànwọ́. Alábẹ̀wò á dé, á ní kọ́mọ ka ìwé, kó ṣírò. Bọ́mọ bá ṣe ṣe sí lowó ṣe ń wọlé. Ẹ̀rù á máa ba tíṣà ju ọmọ lọ! Nígbà tí Awólọ́wọ̀, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ní 1955, abẹ́ ìjọba ẹ̀ ní Ìbàdàn ni Ìpájà yìí wà. Ìpínlẹ̀ Èkó ò tíì sí. Ilé-ìwé ìjọ pọ̀ lára ibi táwọn ọmọ yẹn ti kàwé, ìjọba ń fowó ràn wọ́n lọ́wọ́."

"Kí ló wá dé?"

"Lẹ́yìn 1970, ìjọba gbà wọ́n. Jákàńdè di gómìnà Èkó ní 1979, ó kọ́ kíláàsì wàràwàrà. Àwọn alátakò ní ilé adìyẹ ni. Mo kọ́mọ nínú ọ̀kan. Kò sájà, bójò bá ń rọ̀ báyìí, ẹnikẹ́ni ò ní gbóhùn mi, màá kàn máa kọ gbogbo ẹ̀ sójú pátákó. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ì bá máa kiri gúgúrú ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn."

"Wọ́n ní Tinúbú dá ilé-ìwé àwọn ìjọ padà nígbà tó jẹ́ gómìnà."

"Ó dá díẹ̀ padà, ní 2001. Ilé ni wọ́n dá padà o, owó ò bá a lọ. Ìjọ ń wá owó oṣù tíṣà, òbí ń wá owó ilé-ìwé. Ọmọ tí kò rí i san gba ilé-ìwé ìjọba míì lọ. Ká ní wọ́n jẹ́ kówó tẹ̀lé ọmọ náà ni, ohun tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń wí yẹn ni ì bá dà."

"Ètò EKOEXCEL tí ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 2020 ń kọ́?"

"Ìyẹn yàtọ̀. Ilé-ìwé ìjọba ṣì ni, tíṣà ìjọba ṣì ni; iléeṣẹ́ kan ló kàn ń ṣètò ẹ̀kọ́ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì ọwọ́ tíṣà." Bàbá na ẹsẹ̀ wọn. "Bi ẹ̀gbọ́n ẹ léèrè: ọdún mélòó ló kù lórí ìwé àdéhùn ilé-ìwé ọmọ ẹ̀?"

Àdùkẹ́ ti fa fóònù yọ.