Etí àti Ọkàn: Ohun Tí Dókítà Rosen Rí ní Súdáànì



Inú ariwo ni wọ́n bí àdúgbò wa sí. Ní 1911 ni ojú irin dé Kánò. Kò pẹ́ sí i tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ya Sabon Gari sọ́tọ̀ lẹ́yìn odi ìlú fún àwọn akọ̀wé, òṣìṣẹ́ rélùwéè àti oníṣòwò tí wọ́n ti gúúsù wá. Fèrè ọkọ̀, ẹ̀rọ ìlọta àti jẹnẹrétọ̀ kò fi etí wa sílẹ̀ láti ìgbà náà. Nítorí náà, bí bàbá kan bá ń ní kí a tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mẹta, a ó ní ariwo ni, tàbí ogbó. Lóòótọ́ ni ariwo ń ba etí jẹ́, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò parí síbẹ̀.

Ní nǹkan bí 1960, Samuel Rosen, dókítà etí láti New York, lọ sọ́dọ̀ àwọn Mabaan ní Súdáànì, ní apá ibi tí ó di South Sudan ní 2011. Abúlé wọn dákẹ́ rọ́rọ́. Wọn kò ní ìbọn, wọn kì í sì í lulù níbi ijó pàápàá. Igi ni wọ́n ń fi ọ̀pá lù. (Ijó láìsí ìlù! Yorùbá wo ni yóò gbà?) Ó rí i pé àwọn arúgbó wọn ń gbọ́ràn dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà lọ, ó sì tẹ ìwádìí náà jáde ní 1962. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí. Lójú tèmi, ohun kejì tí ó rí ló kàn wá jù: ìfúnpá wọn kì í ga bí ọjọ́ orí wọn ti ń ga.

Ìyẹn ló gbé e dé Finland. Nítòsí Helsinki, wọ́n ń dán oúnjẹ wò ní ilé ìwòsàn ọpọlọ méjì nítorí àrùn ọkàn. Ní ọ̀kan, òróró sóyà rọ́pò ọ̀rá wàrà. Àwọn tí ó jẹ òróró yìí ni etí wọn dára jù. Nígbà tí ilé ìwòsàn méjèèjì pààrọ̀ oúnjẹ, etí náà yí padà tẹ̀lé e. Àwọn onímọ̀ kan ti rí àléébù nínú ètò ìdánwò yẹn, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ kò ṣòro. Ibi tí a fi ń gbọ́ràn nínú etí ká bí ìkarahun ìgbín, iṣan kan ṣoṣo tín-ín-rín ló sì ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ bá ba iṣan náà jẹ́, kò sí ọ̀nà mìíràn. Irun tíńtín tí ó bá kú níbẹ̀ kì í hù mọ́.

Nílé wa níhìn-ín, ìgbìmọ̀ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkúgbé kéde ní 1997 pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 4, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì mọ̀. Bẹ́ẹ̀, 160/95 ni òṣùwọ̀n tí wọ́n lò, ó ga ju 140/90 tí ọ̀pọ̀ dókítà ń lò báyìí lọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí etí rẹ̀ wúwo ni ọkàn ń dùn; ìdọ̀tí etí lásán lè fà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú bàbá lọ yẹ etí wò ní Aminu Kano, ẹ ní kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀ pẹ̀lú. Bí etí bá sì ṣàdédé di lọ́jọ́ kan, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ.