Ògúndé Ọlọ́pàá, Ògúndé Òṣèré

Ní ọdún 1917 ni Charlie Chaplin ṣe sinimá apanilẹ́rìn-ín kan tí ó ń jẹ́ Easy Street. Nínú rẹ̀, aláìnílé kan wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Kò sí ẹni tí yóò rí i tí yóò rò pé iṣẹ́ náà yẹ ẹ́, síbẹ̀ òun ni ó ṣẹ́gun géńdé jàǹdùkú tí ó ń dẹ́rù ba gbogbo àdúgbò. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ìtàn òtítọ́ kan wà tí ó jẹ́ òdìkejì eléyìí: ọlọ́pàá ni ó di òṣèré. Hubert Ògúndé ni mo ń wí.

Ní 1916 ni a bí Ògúndé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ó ṣe olùkọ́, ó sì wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní Ìbàdàn ní 1941. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń sọ ìtàn rẹ̀ a máa fo ọdún wọ̀nyí bí ẹni fo kòtò. Èmi kò rò pé ọdún òfò ni wọ́n. Iṣẹ́ náà ni ó gbé e dé Ẹ̀búté Mẹ́ta. Ibẹ̀ ni ó ti darapọ̀ mọ́ ìjọ Aládùúrà, ìjọ náà ni ó sì ṣe eré Ọgbà Édẹ́nì fún ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1944. Ọlọ́pàá ni nígbà náà. Ní 1945 ni ó bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀, tí ó sì sọ eré di iṣẹ́ oòjọ́.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Ní ọdún náà gan-an, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà. Ògúndé fi ọ̀ràn wọn ṣe eré Strike and Hunger. Nígbà tí ó gbé e dé Jọ́ọ̀sì ní 1946, àwọn ọlọ́pàá dá eré náà dúró. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa awakùsà èédú 21 ní Énúgù. Ní 1950, Ògúndé gbé Bread and Bullet jáde lórí ọ̀ràn náà. Kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ta: ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí Yorùbá Ronú, òfin náà kò sì kásẹ̀ títí di 1966.

N kò sọ pé aṣọ ọlọ́pàá ni ó kọ́ ọ ní eré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti jẹ́ ọwọ́ ìjọba rí kò ní ṣàì mọ ibi tí ọwọ́ náà ti ń wúwo lára ará ìlú.

Iṣẹ́ kan kù fún wa. Ìwé ìjọba sọ ohun tí ó ba ìjọba lẹ́rù. Kò sọ ohun tí ó pa òǹwòran lẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ni ó mọ ìyẹn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Ìjẹ̀ṣà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìwàràjà, níbi tí ọ̀nà Iléṣà ti pín sí ti Àkúrẹ́ àti ti Èkìtì. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn irú eré tí ó gba ìlú wọn kọjá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń ròyìn.