Ta Ló Ń Wo Òṣùwọ̀n ní Sintaluta?

Bí ẹ bá rí àwòrán àwọn ìlú kéékèèké tó wà ní pápá tẹ́jú ìwọ̀-oòrùn Kánádà láyé àtijọ́, ilé onígi gàgàrà kan lẹ́bàá ojú irin ni yóò kọ́kọ́ hàn síi yín. "Elevator" ni wọ́n ń pè é, torí pé gbígbé ló ń gbé ọkà sókè. Àgbẹ̀ á wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọlé, wọ́n á wọn ẹrù rẹ̀, wọ́n á da àlìkámà sínú kòtò. Bẹ́líìtì tí wọ́n kan ife mọ́ á wá máa bù ú lọ sókè, sínú àká. Bí wágọ̀nù rélùwéè bá dé, wọ́n á kàn ṣí ihò, ọkà á ṣàn wọnú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Joseph Dart ló kọ́kọ́ kọ́ irú rẹ̀ tó ń fi ẹ̀rọ onínyà ṣiṣẹ́, ní Buffalo, ní Amẹ́ríkà, ní 1842.

Ẹ̀rọ náà dáa o, ṣùgbọ́n ta ló ń wo òṣùwọ̀n? Kí ọ̀rúndún 19 tó parí, rélùwéè CPR kì í fẹ́ gba ọkà tí kò bá gba inú elevator kọjá. Ẹni tó ń rajà ló ń wọ̀n ọ́n, òun náà ló ń sọ pé ó dọ̀tí, pé kò tó ipò kìíní. Àgbẹ̀ tí kò bá gbà ńkọ́? Ṣé yóò kó o padà sílé nínú yìnyín ni?

Òfin kan jáde ní 1900 pé àgbẹ̀ lè di ẹrù rẹ̀ sínú wágọ̀nù fúnra rẹ̀. Ìkórè 1901 wá pọ̀ kọjá àlà, wágọ̀nù ò tó, àwọn elevator sì ni rélùwéè ń kó o fún. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn àgbẹ̀ kóra jọ ní Indian Head, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó di 1902, wọ́n pe aṣojú rélùwéè ní Sintaluta, ìlú tó wà nítòsí, lẹ́jọ́ pé kò pín wágọ̀nù bí ó ti tò. Wọ́n jàre, títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Kánádà. Ẹ má fojú kéré ẹjọ́ yẹn: àgbẹ̀ lásán ló mú CPR!

E. A. Partridge, àgbẹ̀ ará Sintaluta, ò sinmi. Ó lọ wo ọjà ọkà ní Winnipeg ní 1905. Lọ́dún kejì, òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Grain Growers' Grain Company sílẹ̀, tí àgbẹ̀ fúnra wọn ni. Wọ́n wá ń ní elevator tiwọn.

Nígbà tó di 1933, elevator ti lé ní 5,700 káàkiri pápá náà. Lẹ́yìn náà ni tírélà dé, rélùwéè ń pa àwọn ẹ̀ka ọ̀nà rẹ̀ tì, wọ́n ń wó àwọn onígi lulẹ̀. Ilé-iṣẹ́ àwọn Partridge wọ inú ilé-iṣẹ́ mìíràn ní 2001, ìyẹn náà wọ inú Viterra ní 2007. Ní 2012, Glencore, oníṣòwò láti Switzerland, ra Viterra.