Lẹ́tà Ọ́fíìsì Lórí Kọ̀ǹpútà: Ta Ni Ó Ni Ín?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí dá lórí lẹ́tà tí àwọn òṣìṣẹ́ yunifásítì ń kọ sí ara wọn lórí kọ̀ǹpútà, èyí tí a ń pè ní ímeèlì. Ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ: bí òṣìṣẹ́ bá fẹ̀yìn tì, ta ni ó ni àwọn lẹ́tà náà?

Àwọn baba wa ti dáhùn irú ìbéèrè yìí tipẹ́. Ní ààfin Ọ̀yọ́, àwọn arọ́kin ni ó ń tọ́jú ìtàn àwọn ọba. Oyè ni ó ni ìtàn náà. Bí arọ́kin kan bá papò dà, ẹni tí ó jẹ oyè tẹ̀ lé e ni yóò máa bá a lọ.

Nígbà tí ìwé kíkọ dé, ìlànà tí ó jọ èyí ni ọ́fíìsì ìjọba gùn lé. Bí lẹ́tà bá wọlé, akọ̀wé a lu òǹtẹ̀ ọjọ́ mọ́ ọn, a kọ ọ́ sínú rẹ́jístà, a fún un ní nọ́ńbà, a sì so ó mọ́ inú fáìlì. Bí wọ́n bá gbé ọ̀gá lọ sí ibòmíràn, fáìlì kì í bá a lọ. Síbẹ̀, ìwé púpọ̀ ṣègbé: ikán jẹ òmíràn, òjò pa òmíràn. Ìdí nìyí tí Ọ̀mọ̀wé Kenneth Dike, òpìtàn ní Ìbàdàn, fi bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé ìjọba wò káàkiri Nàìjíríà ní 1951. Ní 1954 ni a dá ọ́fíìsì ìpamọ́ ìwé ìjọba sílẹ̀. Òfin rẹ̀ jáde ní 1957, òfin 1992 sì rọ́pò ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wá sí Ọ̀jọ́. Ní 1983 ni ìjọba Alhaji Lateef Jakande dá Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì, nítòsí Ìbà àti Okokomaiko. Bébà ni a fi ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì nígbà náà. Lónìí, ìpè sí ìpàdé, àbá àti àṣẹ ń gba orí ímeèlì kọjá. Bí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò bá ṣọ́ra, òpìtàn ọ̀la lè rí ìwé 1983 kà, kí ó má sì rí ti ọdún yìí.

Ewu ibẹ̀ ni pé kò sí akọ̀wé tí ó jókòó ti ẹnu ọ̀nà ímeèlì. Olúkúlùkù ni akọ̀wé ara rẹ̀. Ẹlòmíràn tilẹ̀ ń fi àdírẹ́sì tara rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ìjọba. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọ̀gá kan fi ímeèlì gbà kí òṣìṣẹ́ lọ kàwé sí i, kí owó oṣù rẹ̀ má sì dúró. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, a ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì. Ọ̀gá ti lọ, páswọ́ọ̀dù ti bá a lọ. Kí ni òṣìṣẹ́ yìí yóò fi gbèjà ara rẹ̀?

Òfin kò dákẹ́. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 gba ohun tí ó ti inú kọ̀ǹpútà jáde wọlé ní kóòtù, bí a bá mú àwọn ìlànà rẹ̀ ṣẹ. Òfin Òmìnira Ìròyìn, ti 2011 bákan náà, pàṣẹ pé kí iléeṣẹ́ ìjọba tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀, kí ó sì dá ẹni tí ó bá béèrè lóhùn láàárín ọjọ́ 7. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ pa àkọsílẹ̀ rẹ́ ti dẹ́ṣẹ̀. Ní 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé òfin yìí de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ni ṣíṣe? Kí àdírẹ́sì jẹ́ ti ipò, kí ẹni tí ó ń bọ̀ lè bá a níbẹ̀. Kí a kọ kókó ọ̀rọ̀ sórí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, kí a sì tò ó sí abẹ́ orúkọ fáìlì tí bébà irú rẹ̀ ń lọ. Ìkíni ọjọ́ ìbí lè lọ. Lẹ́tà tí ó gbé ìpinnu ró gbọ́dọ̀ dúró. Kí ẹni tí ń fi ipò sílẹ̀ sì fa ímeèlì ọ́fíìsì lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ bí ó ti ń fa kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ohun tí a bá ṣe lónìí, ọ̀rọ̀ ìtàn ni bó dọ̀la.