Ìlù Bàtá àti Ọba Mẹ́ta ní Òṣogbo

Ní ọdún yìí, ẹgbẹ́ òṣèré ìlú wa pinnu pé eré mẹ́ta ni a óò ṣe ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn tí ń bọ̀, ọ̀kan lóṣooṣù. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àwọn kan nínú wa, aránṣọ ni àwọn mìíràn, àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà níbẹ̀, mẹkáníìkì kan náà sì wà tí ohùn orin rẹ̀ dùn ju ti gbogbo wa lọ. Dúró Ládípọ̀ ni ó ni eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Ọba Mọ́rọ̀, Ọba Kò So àti Ọba Wàjà. Èmi ni mo dá àbá náà, inú mi sì dùn pé wọ́n gbà á. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí a bẹ̀rẹ̀ ìdánrawò ni ọmọbìnrin tí a yàn pé kí ó ṣe Ọya wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Màmá mi ní n kò gbọdọ̀ jó sí bàtá. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ dùndún ni, kò sí wàhálà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, ṣùgbọ́n n kò rín in, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ìyá yìí sọ kò jìnnà sí èyí tí wọ́n bá Ládípọ̀ fúnra rẹ̀ sọ ní Òṣogbo ní ohun tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn. Bí wọn kò bá sọ ọ́ fún un ni, bóyá a kì bá tí ní eré kankan tí a óò máa jiyàn lé lórí.

Tíṣà ni Ládípọ̀. Katikíìsì ni bàbá rẹ̀ nínú Ìjọ Áńgílíkà. Onílù ni bàbá bàbá rẹ̀. Nínú ìdílé kan ṣoṣo, láàrin ìran mẹ́ta, ìlù ti wà nílé, ó ti jáde, ó sì tún ń wá ọ̀nà àtiwọlé. Ní 1961, Ládípọ̀ ṣe orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù Yorùbá sí i. Àwọn kan nínú ìjọ kò fara mọ́ ọn rárá. Kí a má yára dá wọn lẹ́bi. Dùùrù kì í ki ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ìlù tiwa ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá sì ti fi Ṣàngó sílẹ̀ mọ̀ dájú pé bàtá kò tíì gbàgbé orúkọ Ṣàngó. Ẹ̀rù wọn nídìí. Ohun tí mo rí bá wọn wí ni pé irú wọn náà ni wọ́n ti ń fi ìtẹ́lọ́rùn kọ orin òyìnbó tí a kàn fi ọ̀rọ̀ Yorùbá há, tí ohùn òkè di ti ìsàlẹ̀, tí ìtumọ̀ sì dàrú pátápátá, tí a sì ń pè é ní ìyìn.

Kì í ṣe Ládípọ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tí eré rẹ̀ ti inú ṣọ́ọ̀ṣì jáde. Ní 1944, Hubert Ògúńdé, tí ó ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, ṣe eré ọgbà Édẹ́nì fún ìjọ Aládúrà kan ní Glover Memorial Hall ní Èkó. Nígbà tí yóò fi di 1945, ó ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. A máa ń ka àwọn méjèèjì pọ̀ bí ẹni pé ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀, ṣùgbọ́n ní tèmi, ọ̀nà wọn yà. Ojú títì ni Ògúńdé fi ṣe ìtàgé. Ládípọ̀ náà rìnrìn-àjò púpọ̀, àmọ́ ìlú kan pàtó ni ó kọ́kọ́ ṣe eré fún, láàrin àwọn tí wọ́n mọ ilé bàbá rẹ̀.

Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì kò gba ìlù, ó gbé orin rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn, níbi tí Ulli Beier, Wọlé Ṣóyínká àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní 1961. Ní 1962, ó padà sílé, ó sì sọ ilé ọtí rẹ̀, Popular Bar, di ilé eré àti àwòrán. Ọ̀rọ̀ Ígbò ni Mbari. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ, wọ́n fi èdè tiwọn tún un ṣe, ó di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, inú mi yóò dùn. N kò mọ orúkọ ilé eré mìíràn tí àwọn òǹwòran fúnra wọn sọ báyìí.

Ọba Mọ́rọ̀ ni eré tí wọ́n fi ṣí ilé náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi a máa pe àkọlé yìí bí ẹni pé ọba tí ó mọ ọ̀rọ̀ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mú àti ọ̀rọ̀ ni ó di mọ́rọ̀. Iwin sì ni ọ̀rọ̀ tí à ń wí. Ìtàn sọ pé Aláàfin Abípa fẹ́ kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ìgbòho padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè tí kò fẹ́ kúrò rán abuké, àfín àti àwọn abirùn lọ sí ahoro náà láti máa pariwo bí iwin lóru. Ọba rán ọdẹ, ọdẹ sì mú iwin wálé. Nínú ìtàn yìí ni ọ̀jọ̀gbọ́n Joel Adédèjì ti wá orísun eré alárìnjó. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ìtàn bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀ ni Ládípọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ eré.

Ní 1963, nígbà tí ilé náà pé ọdún kan, ni Ọba Kò So jáde. Ládípọ̀ ti lọ jókòó ti àwọn onílù àti àwọn oníṣàngó, ó ti kọ́ oríkì lẹ́nu wọn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ṣàngó. Ta ni kò mọ ìtàn náà ní Òṣogbo? Ẹdẹ, níbi tí Ṣàngó rán Tìmì ọlọ́fà iná lọ, kò jìnnà sí wọn. Wọ́n mọ̀ pé Gbọ̀ọ́nkáà yóò mú Tìmì wálé, yóò sì pa á, yóò wá kojú ọba. Wọ́n mọ̀ pé ọba yóò pa àwọn ènìyàn rẹ̀ nínú ìbínú, yóò sì pokùnso. Kò sí ohun tí òṣèré lè fi pamọ́ fún wọn. Ohun tí wọ́n wá wò ni bí ọba tí ó so yóò ṣe di ọba tí kò so, bàtá sì ni ó ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Bàtá kì í là á bí dùndún. Akólòlò ni, ẹni tí kò bá gbọ́ ẹnà rẹ̀ yóò rò pé ariwo lásán ni. Àmọ́ òun ni ìlù Ṣàngó. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa dábàá pé kí a fi dùndún rọ́pò rẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè sinmi. Mo kọ̀. Bí a bá fi dùndún parí eré náà, òkú ọba kan ni a óò gbé kúrò lórí ìtàgé, kì í ṣe òrìṣà.

Wọ́n gbé eré náà lọ sí Berlin ní 1964, wọ́n gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Ìyìn tí wọ́n gbà níbẹ̀ ni àwọn ìwé máa ń tẹnu mọ́ jù. Ní tèmi, àwọn ọmọ inú ẹgbẹ́ náà ni ó yẹ kí a máa sọ: Jacob Afọlábí, Rufus Ògúndélé, Múráínà Oyèlámì, tí wọ́n wá ṣe eré tí wọ́n sì di ayàwòrán olókìkí nínú ilé kan náà, Twins Seven-Seven, tí ó jẹ́ pé ijó ni ó bá wọlé. Ọba Wàjà ti 1964 kò tó èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lójú mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn Olókùn Ẹṣin ti Aláàfin Ládìgbòlù tí ó wà nínú rẹ̀ ni Ṣóyínká náà wá lò ní 1975. Ládípọ̀ kú ní 1978.

Mo sọ gbogbo èyí fún ọmọbìnrin náà. Ó dákẹ́, ó ní òun yóò sọ fún màmá òun pé ọmọ katikíìsì ni ọkùnrin náà.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kọjá, ìyá náà wá síbi ìdánrawò. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó jókòó sẹ́yìn, ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀. Bàbá onílù wa béèrè ilé tí ó ti wá, ó dáhùn. Bàbá fa ìyáàlù bàtá mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki ìdílé wọn. Ìyá náà kò mi orí, kò jó, kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí bàbá ṣe tán, ó nahùn, ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ ti fo ibi tí ó kan àwọn ìyá wa."