Bí Àmì Èdè Wa Ṣe Dé Orí Kíbọ́ọ̀dù Linux

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á bojú wẹ̀yìn wo ohun tó gbé òun ṣubú. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà Linux kọ Yorùbá mu, nítorí pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì tí lẹ́tà tí wọn kò rò tẹ́lẹ̀ sì yọ, kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ìdí ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Ẹni tó bá mọ ìtàn bí lẹ́tà wa ṣe dé orí ẹ̀rọ ni yóò mọ ibi tí àtúnṣe ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, gbé ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, lẹ́tà àwọn Òyìnbó ló wà nílẹ̀ láti fi kọ èdè wa, ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà náà kò tó o gbé, nítorí pé ẹnu Yorùbá ya e sí méjì, ó ya o sí méjì, ohùn sì ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà. Ìjíròrò lórí rẹ̀ pẹ́. Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ ní 1859 lábẹ́ Olúmọ, nílẹ̀ Ẹ̀gbá ọmọ Líṣàbí, ti ń jáde kí ó tó parí, títí àwọn ọmọ ìjọ CMS fi péjọ ní 1875 sí Èkó àkéte, ilé ọgbọ́n, láti fìdí ìlànà kan múlẹ̀. Láti ayé wọn ni àmì abẹ́ lẹ́tà ti di ara Yorùbá kíkọ.

Àmọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Christopher Latham Sholes gba ìwé àṣẹ fún ní 1868 ní Amẹ́ríkà, tí ilé-iṣẹ́ Remington sì gbé dé ọjà ní 1874, kò ro tiwa mọ́ ọn. Ìtò Q, W, E, R, T, Y tó wà lórí rẹ̀ ló ṣì wà níwájú wa lónìí. Akọ̀wé tó bá fẹ́ fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kọ “ọ̀wọ̀” yóò tẹ o, yóò dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn, yóò yí bébà sókè díẹ̀, yóò tẹ àmì ìdánudúró sábẹ́ rẹ̀, kí ó tó mú kálámù fi àmì ohùn sí i. Fún àwọn èdè Yúróòpù tó ní àmì lórí, wọ́n ṣe bọ́tìnnì kan tó ń tẹ àmì láì sún bébà, kí lẹ́tà tó bá tẹ̀lé e lè bọ́ sábẹ́ àmì náà. Dead key ni wọ́n pè é. Kọ̀ǹpútà jogún rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ àmì tí kò rí nǹkan kan lójú kọ̀ǹpútà, kó fọkàn balẹ̀: àmì náà ń dúró de lẹ́tà ni.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àyè tún há sí i. ASCII, ìlànà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1963, àmì 128 péré ló gbà, kò sì sí ẹ, ọ tàbí ṣ níbẹ̀. Ní 1984, wọ́n bẹ̀rẹ̀ X Window System, tí a ń pè ní X, ní ilé-ẹ̀kọ́ MIT láti máa gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà. Ní 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki, gbé Linux jáde. Ọwọ́ kan kọ́ ló ṣe méjèèjì, ìyẹn ló sì ń dààmú ọ̀pọ̀ ènìyàn títí dòní. Ẹ wo bọ́tìnnì tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún Tab. Linux ń pè é ní 16. X, tí kì í lo nọ́ńbà tí kò tó 8, ń pè é ní 24. Nọ́ńbà nìkan ni bọ́tìnnì ń fi ránṣẹ́, ohun yòówù tí wọn ìbáà kọ sí i lórí. Inú fáìlì tirẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti ń wo lẹ́tà tó jẹ́. Bí ètò “us” bá wà lẹ́nu iṣẹ́, q ni. Bí ó bá jẹ́ “fr”, a ni.

Nítorí náà, bí kọ̀ǹpútà kan bá ti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ wá, níbi tí àwọn ará wa ti ń lo kíbọ́ọ̀dù Faransé, tí ẹni tó gbà á ní Ìbàdàn sì yí ètò X nìkan sí ti Gẹ̀ẹ́sì, console, ojú dúdú tí a ti ń fi ọ̀rọ̀ lásán pàṣẹ, lè ṣì máa tẹ̀lé Faransé. Ibi tí ó ti mọ a, q ni yóò jáde, páásìwọ́ọ̀dù rẹ̀ kò sì ní wọlé. Àṣẹ “localectl status” ni yóò fi ètò méjèèjì hàn án lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àṣẹ “setxkbmap -query” ni yóò sọ èyí tí X ń lò. Lórí Debian, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, inú /etc/default/keyboard ni a ti ń tún méjèèjì ṣe pọ̀.

Ìtura dé pẹ̀lú Unicode, ìlànà kan tó gbòòrò ju ASCII lọ, tó jáde ní 1991, tí ẹ, ọ àti ṣ sì rí àyè nínú rẹ̀ ní 1993. Lónìí, X ní fáìlì kan tó ń jẹ́ ng, ti Nàìjíríà, tí Yorùbá, Haúsá àti Ígbò ní abala tiwọn nínú rẹ̀. Àṣẹ “setxkbmap ng yoruba” ló ń pe tiwa jáde. Ẹni tí kò fẹ́ kúrò lórí ètò Gẹ̀ẹ́sì lè yan bọ́tìnnì Compose: ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ àmì ìyanu, ó tẹ e, ẹ á sì yọ. Àmọ́ ẹ́ tó ru àmì ohùn kò ní àyè kan ṣoṣo tirẹ̀. A ní láti to àmì mọ́ lẹ́tà, ọ̀nà tí a lè gbà tò ó sì ju ẹyọ kan lọ. Bákan náà, ș àwọn ará Romania jọ ṣ wa lójú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kà wọ́n sí ọ̀tọ̀, ẹni tó ń wá “Ṣàngó” nínú ìwé tí wọ́n fi ti Romania kọ á sì wá a tì.

Bí ìṣòro bá dé, ẹ jẹ́ kí a tọ ọ̀nà tí ìtàn gbà: kí a yẹ bọ́tìnnì wò, lẹ́yìn náà nọ́ńbà, lẹ́yìn náà fáìlì, kí a tó kan Unicode. Gbangba ni fáìlì ng wà. Ọmọ Yorùbá tó bá rí àléébù nínú rẹ̀ lè dábàá àtúnṣe fún àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn baba wa jókòó jíròrò lórí àmì wọ̀nyí ní 1875; ojúṣe tiwa ni kí a má kọ èdè wa láìlámìí nítorí pé a kò wá ìdí ètò kan tó yà.